Abẹ́rẹ́ Mẹ́fà

Mo ya fọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n mi lójú fèrèsé,
nítorí níbẹ̀ nìkan ni oòrùn Rochdale ti ń yọjú lóṣù kọkànlá,
mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ bí ọmọlúwàbí ti í polówó:
Aláwọ̀ ewé ni. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún díẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ mẹ́fà kún un.
Ọgọ́ta pọ́n-ùn.

N kò tíì gbé tíì mi dẹ́nu
tí wọ́n fi yọ ọjà mi kúrò lórí àtẹ.
"Ohun tí ẹ fẹ́ tà lòdì sófin wa."
Kí ni? Abẹ́rẹ́ ni.
Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà
kò mọ abẹ́rẹ́ tí ń rán aṣọ
yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ń gún mọ́ apá.

Mo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, mo ṣàlàyé títí.
Mo ní Wúràọlá ló ni ín, òun ló fi rán aṣọ fèrèsé
fún ìdajì òpópónà yìí, òun ló dákẹ́ lóṣù kẹjọ.
Ìka mi kò tíì kúrò lára gíláàsì tí èsì fi dé:
"A ti fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yín wò."
Ta ni ẹ̀yin? Ìgbà wo lẹ fara balẹ̀?
Ẹ̀rọ ń dájọ́ ẹ̀rọ,
kò sì sí ẹ̀rọ̀ nínú ìdájọ́ náà.

Mo yọ abẹ́rẹ́ kúrò. Wọ́n jẹ́ kó kọjá.

Àwọn oníbàárà wá dé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́:
"Ṣé ó ṣì wà?" Ó wà. Wọn ò fọhùn mọ́.
"Ṣé ó ṣì wà?" Ó wà o. Kẹ́kẹ́ pa.
Ẹnì kan ní òun á rán ọlọ́kọ̀ wá, owó ń bẹ nínú àpò ìwé,
kí n ṣáà kọ́kọ́ san ogún pọ́n-ùn owó adójútòfò.
Ẹnì kan ní kí n gba mẹ́wàá. Mẹ́wàá!
Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀
kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Lẹ́yìn wọn ni Entwistle.
Kò ní àwòrán, kò ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo.
Mo ní: olè rèé.
Síbẹ̀ mo fún un ní àdírẹ́sì, ti ilé kẹta sí tèmi.

Ọ̀sán Sátidé, òjò ń fọ́n, mo ká aṣọ fèrèsé díẹ̀:
bàbá arúgbó kan pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ìnájà onítáyà méjì
ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn.
Ojú tì mí. Mo pè é.
Kò tètè wọlé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lórí fóònù,
ó ń kìlọ̀ fún un kó dúró síbi tí ará àdúgbò ti lè rí i.
Èmi ni wọ́n ń bẹ̀rù!
Èmi, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, tó wọ súwẹ́tà lé bùbá.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àgbà ló wí.
A wo ojú ara wa, kò yá lára ẹnikẹ́ni.
Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ kóun tó san.
Mo ní n ó rí owó kí n tó tan iná sí i.
A di ẹ̀rọ náà mú, apá kan lọ́wọ́ rẹ̀, apá kan lọ́wọ́ mi,
bí àwọn tó gbé pósí.

Ta ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín? N kò rántí.
Ó ka ọgọ́ta sí mi lọ́wọ́, bébà tí òjò ti rin.
Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ó dún bó ti í dún.
Ìgbà tó ń lọ ni mo sáré wọlé,
mo fi ìwé ìròyìn wé abẹ́rẹ́ mẹ́fà,
mo wo ọ̀tún, mo wo òsì,
mo fi lé e lọ́wọ́ bí ẹni ń ta igbó.

Lálẹ́, wọ́n ti ìsọ̀ mi pa.
"Ìṣòwò yín mú ìfura lọ́wọ́."
N kò kọ̀wé ẹ̀bẹ̀.
Lórí tábìlì, ibi tí ẹ̀rọ náà ń jókòó sí mọ́ tónítóní,
eruku ló yí i ká.
N kò tíì nù ún.